Ọ̀rá Àgùntàn Lábẹ́ Ọkọ̀ Manubia

Ferjani na ọwọ́ níṣojú gbogbo ọlọ́kọ̀, ó ní kí Manubia mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀ wá.

"Ìyàwó, ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tójú wa rí lọ́dún tó kọjá, a ò fẹ́ rí i mọ́."

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bó ṣe jẹ́. Lamin, àbúrò Ferjani, ló fi ọkọ̀ ìgbòkun yẹn sílẹ̀ fún Manubia ìyàwó ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé níwájú ìmáàmù kó tó jáde láyé. Òun ni Manubia fi ń gbé àlejò kiri etí òkun erékùṣù Djerba, òun ló ń jẹ, òun ló ń mu. Lọ́dún tó kọjá, atẹ́gùn ń gbé e lọ sórí àpáta, ó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ké títí, ọkọ̀ ò sún. Ìkarahun wẹ́wẹ́ ti bo fáànù abẹ́ ọkọ̀, ìyẹn irin alápá mẹ́ta tó ń yí lábẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Àwọn apẹja ló fi okùn wọ́ ọ yọ. Ferjani sì ni olórí èbúté. Bó bá ní kò sáyè ìdákọ̀ró fún ọ, o di ẹni ilé nìyẹn.

"Ṣé ìkarahun kì í lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ọkùnrin ni, ẹ̀gbọ́n?" Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Manubia, kò sì fọwọ́ kàn án.

"Ọkùnrin á kun tiẹ̀ lọ́dà."

"Ọ̀dà yẹn náà lẹ bá mi kùn lọ́dún tó kọjá! Ẹ̀yin lẹ mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, àbí mo parọ́?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀dà pupa tí àwọn ọkùnrin èbúté yìí fi ń kun ara ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń kun fáànù, torí pé bàbá wọn ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ara ọkọ̀ kì í yí, ọ̀dà á dúró síbẹ̀. Fáànù ń yí fòòì, kì í pé oṣù kan tí ọ̀dà fi ń bó dànù. Ọdọọdún ni wọ́n ń rí i, ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún. Kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ agídí.

"Ẹ fún mi di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn," Manubia ní. "Mi ò ní kan ọ̀dà, mi ò sì ní wọ abẹ́ omi lọ ha á. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ mi sókè, tẹ́ ẹ bá rí ìkarahun kan ṣoṣo lára fáànù ẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ já kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́rùn mi."

"Gbogbo yín gbọ́ o!" Ferjani ní. "Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Etí òkun ni àwọn obìnrin Djerba ti ń fọ irun àgùntàn kí wọ́n tó ran án fáwọn ahunṣọ. Ọ̀pá irin kan wà nínú omi níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ irun tútù sí. Láti kékeré ni Manubia ti ń wò ó: ewé òkun àti ìkarahun bo gbogbo òkúta àyíká ẹ̀, ọ̀pá yẹn mọ́ kedere. Ọ̀rá irun ló ń dáàbò bò ó. Obìnrin wo ni ò mọ̀ ọ́n? Kò kàn sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Lẹ́yìn Iléyá, ó tọrọ irun àgùntàn láti ilé dé ilé, ó sè é nínú ìkòkò ńlá, ó sì ré ọ̀rá tó léfòó. Òórùn ẹ̀ kún àdúgbò. Ó gbé e lọ sí èbúté, níbi tí ọkọ̀ ẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀, ó ha fáànù títí tó fi ń dán, ó fi iná gáàsì mú irin náà gbóná, ó wá ń fi àkísà ra ọ̀rá sí i, ó ń rà á, títí irin fi mu ún yó.

"Ìyàwó, ṣé ká gbé kuskus tá a máa fi jẹ ẹ́ wá ni?" Ferjani kígbe. "Ẹran ẹ ti ń jinná!"

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Tó bá jinná, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ bù fún."

Ọkọ̀ padà sómi. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi pè é ní Ìyá Alágùntàn. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní "Mẹ̀ẹ́ẹ́!" Kò wojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, mi ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ìgbà tó bá tan ẹ́ńjìnnì ló ń fetí sí i. Ara ń ta á kó bẹ́ sómi lọ wò ó, á rántí ohun tó fẹnu sọ, á sì di kọ́kọ́rọ́ ọrùn ẹ̀ mú. Tí ọkọ̀ yẹn bá lọ, inú ilé Ferjani ló kù, kó máa bá ìyàwó ẹ̀ fọ abọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ Ferjani ni kireni kọ́kọ́ gbé sókè láàárọ̀. Ọ̀dà pupa ti lọ ráúráú lára fáànù ẹ̀, ìkarahun sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ra ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Baba Shedli, àgbà tó ń wa kireni, gbé ọkọ̀ Manubia. Omi ń ro tótó. Fáànù ti dúdú díẹ̀, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ṣùgbọ́n ìkarahun, kò sí ẹyọ kan.

"Alihamudulilaahi!" Manubia ní.

"Irọ́ ni!" Ferjani fò dìde. "Ó ti wọ abẹ́ omi lọ ha á!"

Inú bí Manubia, ó nàka sí fáànù. "Ẹni tó bá ha á, ṣé kò ní ha ọ̀rá ẹ̀ dànù? Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Kí ni màá fọwọ́ kàn?"

"Fọwọ́ kàn án, Ferjani," Baba Shedli ní látorí kireni. "Gbogbo wa la gbọ́ àdéhùn yẹn."

Ferjani fi àtẹ́lẹwọ́ gbá fáànù mú. Nígbà tó mú un kúrò, ọ̀rá ti bo ọwọ́ ẹ̀ dé ọrùn-ọwọ́, ó ń rùn bí àgbò. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, kò lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, ó rì í bọ òkun, ó ń fi iyanrìn bó o. Ẹnì kan ní "Mẹ̀ẹ́ẹ́!" lẹ́yìn, gbogbo èbúté sì gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, Manubia kọ́ ni wọ́n ń ké sí.

Ó rìn lọ dúró lókè orí Ferjani, kọ́kọ́rọ́ ń mì lọ́rùn ẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ̀gbọ́n. Oṣù mẹ́rin gbáko ni òkun yìí fi fọ ọ̀rá yẹn, kò ṣí. Èmi náà ò ní ṣí."