Ewúrẹ́ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, olùkọ́ kíláàsì kẹta ránṣẹ́ pe káfíńtà kan, ó ní ọmọbìnrin rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Bí kò bá lè ka ojú ìwé kan já geere níwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí sáà tó parí, yóò tún kíláàsì náà ṣe.

Ó ya káfíńtà lẹ́nu. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ yìí ń kàwé fún ìyá àgbà, ìyá tó bí òun káfíńtà. Nígbà tó délé, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí.

"Ni ewúrẹ́ bá wọ aṣọ adájọ́," ọmọ náà ń kà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìwé. "Ó ní kí ọ̀bẹ wá sọ tẹnu ẹ̀."

"Kí ni ọ̀bẹ wí?"

"Ọ̀bẹ ní wọ́n rán òun níṣẹ́ ni."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Irọ́ ni! Kà á lọ, ìyá mi."

Káfíńtà wọlé, ó gba ìwé náà. Ìwé nípa bí a ṣe ń fọ eyín ni.

"Níbo ni ewúrẹ́ wà níbí?"

Ìyá àgbà ló dáhùn: "O ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, o wá ń béèrè ewúrẹ́!"

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń jókòó tì wọ́n. Rúlà onírin tó fi ń wọn pákó ló ń fi sábẹ́ ìlà, bí ọmọ bá sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, á fi kan tábìlì.

"Dádì, ó ti sú mi."

"Á sú ẹ jù báyìí lọ tó o bá tún kíláàsì ṣe. Kà á."

Ìyá àgbà fara dà á díẹ̀. "Eyín mi ò ju mẹ́rin lọ," ó ní, "mo sì ti ń fọ̀ wọ́n kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ ìwé yìí." Ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ náà kàwé níwájú ọ̀gá, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Olùkọ́ béèrè ọgbọ́n tí káfíńtà dá.

"Ibi tó wú ni mo fá," ó ní, "kó lè tẹ́jú."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra ìwé tuntun, ó sì mú ọmọ lọ bá ìyá àgbà.

"Ìyá mi," ni ìyá àgbà wí, "ẹjọ́ wo ni ewúrẹ́ dá fún ọ̀bẹ?"

Ọmọ náà ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kò sí níbí, Màmá."

"Mo mọ̀. Ṣáà sọ ọ́ fún mi."

Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. "Kò sí níbí, mà."

Ó ti mọ̀wé kà dáadáa báyìí. Kò pa ìtàn fún ẹnikẹ́ni mọ́.