Oníbodè Afárá Ọdún

Ohun tí Hephzibah fẹ́ kò ju kó rí ojú bàbá rẹ̀ lọ. Ebenezer kú nígbà tí òun ṣì wà nínú oyún, omíyalé sì ti ba gbogbo fọ́tò ilé wọn jẹ́ ní Ìkòtún kó tó gbọ́njú. Ibì kan ṣoṣo tí ojú náà kù sí ni inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan tó bá lábẹ́ àwọn sùtánà funfun ìyá rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù ìyá náà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá.

Òṣèré ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Àwọn tó wo tẹlifíṣọ̀n láyé ijọ́hun kò lè gbàgbé Afárá Ọdún, eré ọkùnrin tó ń wọ ọkọ̀ láti ọdún kan bọ́ sínú òmíràn. Ibi yòówù kó máa lọ, yóò gba orí afárá kan kọjá, oníbodè kan ló sì ń ṣọ́ afárá náà. Ebenezer ni oníbodè. Nínú eré náà, kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí ayé, àfi bí ẹnì kan bá dá a lóhùn nígbà tó bá pè. Ẹni tó bá dá a lóhùn ni yóò bá lọ sílé.

"Má gbé nǹkan yẹn sẹ́nu ẹ̀rọ o," ni Màmá Matilda wí nígbà tó rí i lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mo ní má gbé e sí i. Àbí gbogbo ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ ní kí-ló-dé ni?"

Ṣùgbọ́n ta là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa tú nǹkan wò. Hephzibah ní ṣọ́ọ̀bù ní Dọ̀pẹ̀mú, níbi tó ti ń gbé àwòrán ìgbéyàwó àti ìsìnkú àtijọ́ kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì sínú fláàṣì. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ló kọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tú kásẹ́ẹ̀tì náà palẹ̀. Téèpù inú rẹ̀ ti bu, ohun funfun bí ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ó mú aṣọ rírọ̀, ó ń fi ọwọ́ yí téèpù náà, ó ń nù ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu imú ọmọ tuntun.

Ràímì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yọjú. "Ìyá Fídíò, ẹ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀? Òkú lẹ̀ ń jí yìí o."

"Ẹ lọ jí jẹnẹrétọ̀ yín ná. Oorun tó ń sùn yẹn ti pọ̀ jù."

Ràímì rẹ́rìn-ín lọ. Hephzibah to kásẹ́ẹ̀tì padà, ó tì í sínú ẹ̀rọ. Wáyà yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, funfun àti pupa ló ń gbé ohùn. Ti yẹ́lò nìkan ló kì bọ ara tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: kí àwòrán kọ́kọ́ dúró dáadáa, kó tó wá ti ohùn.

Àwòrán jáde. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń sáré wá jókòó wò nígbà kan, dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ fàdákà ni. Asẹ́ ìdáná ni fèrèsé rẹ̀. Ó tilẹ̀ rí okùn tí ẹnì kan fi ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ọdún tí wọ́n pè ní ọjọ́ iwájú nínú eré náà sì ti di àná; mọ́tò tó ń fò kò tíì dé Dọ̀pẹ̀mú síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni afárá dé. Kùrukùru bò ó, ṣùgbọ́n Hephzibah rí agolo tí èéfín náà ti ń jáde. Ọkùnrin kan nínú agbádá funfun sì dúró ti ọ̀pá tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Etí rẹ̀ nà síta bíi ti Hephzibah gan-an. Hephzibah gbé ọwọ́ sókè, ó di etí ara rẹ̀ mú.

Arìnrìn-àjò kọjá lọ. Ó yẹ kí àwòrán tẹ̀ lé e, kò tẹ̀ lé e. Oníbodè yíjú, ó wo ìta, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù.

"Àwẹ̀ró."

Orúnkún Hephzibah ti ń tẹ̀, "sà" ti wà létè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì ṣe máa ń ṣe ọmọ tí wọ́n tọ́: kì í tọrọ àyè kó tó wọni lára. Ohun tó dá a dúró ni wáyà funfun àti pupa tó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Wọn kò so mọ́ nǹkan kan.

Ó di ẹnu mú. Oníbodè ń wò ó, ó ń dúró, títí àwòrán fi di yẹ́tuyẹ̀tu.

Ràímì tún yọjú. "Ta ni bàbá tó ń pe Àwẹ̀ró níbí? Ohùn wọn dùn, jàre."

"Kò sẹ́nì kankan níbí."

"Mo ṣá gbọ́," ni Ràímì wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Hephzibah wo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ẹ̀rọ fídíò, tó ń ká àwòrán náà sílẹ̀. Afárá wà níbẹ̀, èéfín wà níbẹ̀. Kò sí oníbodè. Ó ṣí ẹ̀rọ fídíò. Irin róbótó tó ń ka àwòrán jáde lára téèpù ti pọ́n, ìyẹ̀fun bíi ti irin tó dógùn-ún ló bò ó. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwòrán kò sí nínú ike téèpù. Ara ìyẹ̀fun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló wà, ìyẹ̀fun náà sì ti ń bó. Bóyá ni téèpù náà lè tún yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ó nu irin náà mọ́, ó sì fóònù ìyá rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá Matilda ti ń bọ̀, nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó jókòó.

"Ó pè ẹ́."

"Wọ́n pè mí ní Àwẹ̀ró. Ta ló sọ fún wọn?"

"Òun náà ló fún ẹ. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ó ní bó bá ṣe obìnrin, Àwẹ̀ró ni."

"Wọ́n pe ẹ̀yin náà rí?"

"Lẹ́yìn tí a sin ín. Mo ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ló bá pè mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ìwọ sì wà nínú mi. Mo di ẹnu mi mú." Ó fi ọwọ́ tẹ́ etí sùtánà rẹ̀. "Ṣé ó ti dàgbà?"

"Rárá, Màmá. Mo jù wọ́n lọ."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó dáa fún un."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló kù tí téèpù yìí máa yí. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

Màmá Matilda yíjú wo tẹlifíṣọ̀n. "N kò ní ní kí o dáhùn," ló wí níkẹyìn. "N kò sì lè ní kí o má dáhùn."

Hephzibah tẹ ẹ̀rọ. Kò so wáyà ohùn. Dúrọ́ọ̀mù fàdákà fò kọjá, èéfín bo afárá, oníbodè yíjú.

"Àwẹ̀ró."

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì. "Ẹ̀ẹ́n, sà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Oníbodè gbé ọ̀pá náà sílẹ̀ bí ẹni tí ẹrù ti pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń tóbi sí i, títí agbádá funfun rẹ̀ fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ ké, téèpù já. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Hephzibah kò ṣí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wò. Ó yọ iná rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Kẹ̀kẹ́ kan ń pe Ẹgbẹ́dá lójú títì. Màmá kọ́kọ́ wọlé, Hephzibah sì tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ gbá a nígbọ̀nwọ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì sún wọlé, àyè ẹnì kan ṣẹ́kù létí ẹnu ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kì í gbéra láìkún, ọ̀kan ṣì kù. Hephzibah ń retí kí awakọ̀ tún pariwo, kó wá èrò sí i.

Awakọ̀ wo ẹ̀yìn nínú gíláàsì rẹ̀, ó ṣáná sí kẹ̀kẹ́.

"Bàbá," ló wí, "ẹ fa aṣọ yín wọlé, kí táyà má bàa wé e."