Ẹni Tí Kò Tẹ Bọ́tìnnì

Ẹkúndayọ̀ kọ̀, kò tẹ bọ́tìnnì náà.

Ogún ọdún ni ó fi ń tẹ dùùrù fún àwọn akọrin ní sítúdíò kan ní Ketu. Orin ìjọ ni wọ́n ń gbé wá. Jáàsì ni òun fẹ́. Akọrin ìjọ kì í sábà mọ ibi tí ohùn òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti la ẹnu, atẹdùùrù ni yóò wá a rí. Àwọn ọ̀dọ́ ti rí ọgbọ́n dá sí i: kíì kan ṣoṣo, ìyẹn ìpele ohùn kan, ni wọ́n kọ́, wọn a sì tẹ bọ́tìnnì kan lára kíbọ́ọ̀dù tí ń gbé gbogbo ohùn rẹ̀ sókè tàbí wálẹ̀. Ẹkúndayọ̀ mọ kíì méjèèjìlá. Ó sọ lójú gbogbo ará sítúdíò pé ọjọ́ tí òun bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, kí wọ́n wá fi òun ṣe alábàárù ní ọjà Mile 12.

Ní ọdún 2004, òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ní Gbàgádà ń wá ẹni tí yóò máa tẹ jáàsì ní ọjọ́ Jímọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì kan Ẹkúndayọ̀ rí, kò sì dá a lójú pé yóò tún kàn án. Vivian, akọrin òtẹ́ẹ̀lì náà, ni yóò yan atẹdùùrù. Ẹni méjì ni ó kù: Ẹkúndayọ̀ àti Mojeed, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò kọ́ ọ tán.

Mojeed ni ó kọ́kọ́ tẹ dùùrù. Ó fi bọ́tìnnì gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù dé ibi tí ohùn Vivian wà. Nígbà tí ó dìde, kò dá a padà.

Ẹkúndayọ̀ jókòó. Ìró àkọ́kọ́ ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un. Ìka kan tó láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Ràímì, onífèrè sítúdíò Ketu, wà níbẹ̀.

“Ọ̀gá Dayọ̀,” ni ó wí, “Mile 12 ò kúkú jìnnà.”

Ẹkúndayọ̀ kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà. Ó ṣírò ohun tí ẹ̀rọ náà fi kún orin, ó sì ń fi kíì mìíràn yọ ọ́ kúrò bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò ṣi ohùn kan. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Lẹ́yìn orin kìíní, Mojeed rántí. Ọmọlúwàbí ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń nu ojú, ó rọra dá bọ́tìnnì padà sí ipò rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan, kí ojú má baà ti àgbà.

Orin kejì bẹ̀rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ ṣì ń yọ ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Vivian mú kíì kan, dùùrù mú òmíràn. Vivian dúró.

“Uncle, kí lèyí?”

“Ẹnìkan ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí.”

Mojeed dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, èmi náà ni mo yọ ọ́.”

Vivian wo Ẹkúndayọ̀. “So, ó wà níbẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan? Ẹ sì mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò tẹ̀ ẹ́?”

“N kì í tẹ̀ ẹ́.”

“Ah! Uncle, ohùn tèmi kì í dúró sójú kan o. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ni mo ń wá.”

Ó mú Mojeed.

Lọ́sẹ̀ kan náà, Mojeed wá sí Ketu. “Ọ̀gá mi, jáàsì wọn yẹn, ọwọ́ mi ò gbà á.”

Ẹkúndayọ̀ kò lè gbà kí wọ́n ba jáàsì jẹ́. Ó tẹ gbogbo orin òtẹ́ẹ̀lì náà sínú kíbọ́ọ̀dù, ó fi wọ́n pamọ́ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ó ní kí Mojeed máa gbọ́ wọn títí yóò fi mọ̀ wọ́n.

Mojeed kò kọ́ wọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ń ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ kíbọ́ọ̀dù, ó ń gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́, orin a sì máa lọ. Bí Vivian bá ní ohùn náà ti lọ sílẹ̀ jù, Mojeed a tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ohun tí Ẹkúndayọ̀ tẹ̀ a sì gòkè.

Àwọn oníbàárà ń yin Mojeed. Ẹkúndayọ̀ ṣì wà ní Ketu, ó ń tẹ orin ìjọ.