Ẹjọ́ Ọba Koríko ní Saint-Aubric

Fulcran Cazalbou kò jẹ̀bi rí láyé rẹ̀. Bí mọ́tò rẹ̀ bá gbá ògiri, ògiri ló sún síwájú. Bí ọbẹ̀ bá jóná níbi tó ti ní òun á máa ṣọ́ ọ, iná ló le jù. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣe alága ìlú Saint-Aubric, ìlú kékeré kan láàárín oko àjàrà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun gbọ́ "ẹ máà bínú, èmi ni" lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Edmonde ìyàwó rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ tipẹ́.

Ìdìbò alága ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Fulcran ń bá sùn, òun náà ló ń bá jí, torí inú ń bí ìlú. Ó ti ilé ìwé pa, ó ní ọmọ kò pọ̀ mọ́. Ó dí ìsun omi àárín ìlú, ó sì gé àwọn igi ńlá tó ń ṣíji bo gbàgede, kí àyè lè wà fún mọ́tò àwọn àlejò tí yóò máa wá wo ìlú. Igi lọ, àlejò kò dé. Ní oríta àbáwọ̀lú, ó gbé ìdì àjàrà onírin kan kalẹ̀ tó ga ju ilé lọ. Àwọn ará ìlú ń pè é ní kókó ọrùn Fulcran.

Ìrètí kan ṣoṣo ló kù fún un. Obìnrin kan wà ní Parisi, Sidonie Vauquelin lorúkọ rẹ̀, ẹni tó ń kọ ìwé nípa àwọn ọdún tó yẹ kéèyàn lọ wò káàkiri ilẹ̀ Faransé, láti ìgbà òtútù títí di ìgbà ìkórè. Ó ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá wo ọdún Karamantran ní Saint-Aubric. Bí ìlú bá wọ ìwé yẹn, àlejò á dé, gbogbo ayé á sì gbà pé ọgbọ́n ni Fulcran fi gé igi.

Bí ọdún náà ṣe rí nìyí. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn obìnrin á fi koríko gbígbẹ ṣe ọba kan, Karamantran, wọn á rán aṣọ sí i lọ́rùn, wọn á fi adé bébà dé e. Wọn á gbé e wá sílé ẹjọ́ ní gbàgede, wọn á ka gbogbo láburú ọdún sí i lẹ́sẹ̀, wọn á dá a lẹ́bi, wọn á sì dáná sun ún. Bó bá ti jóná, ọdún mọ́ nìyẹn. Òtútù á lọ, àjàrà á rúwé, ẹni tó ń yan aládùúgbò rẹ̀ lódì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Karamantran ní agbẹjọ́rò o, iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà sì ni kó pàdánù ẹjọ́. Aimé Tourrel, tó ń pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, ló ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù tó Aimé. Á máa jẹ sọ́séèjì bó ṣe ń rojọ́, á bú ìyá adájọ́, á sùn lọ, á jí, á béèrè pé ẹjọ́ ta là ń rò.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí Aimé já bọ́ lórí igi ólífì, ó kán lẹ́sẹ̀. Fulcran ní òun á gbà á ṣe.

Edmonde wà ní ìdí iná, ó ń din àkàrà ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ́n ṣúgà sí, èyí tí wọ́n ń jẹ lásìkò ọdún náà.

"Fulcran, ṣé o mọ̀ pé ńṣe lo máa pàdánù?"

"Èwo tún nìyẹn? Ṣé ìlú míì ni wọ́n ti bí mi ni?"

"Mo kàn béèrè ni. Torí mi ò rí i kóo ṣe é rí."

"Àní mo mọ̀. Mo máa sọ̀rọ̀ ṣókí, kí obìnrin Parisi yẹn gbọ́ ohùn mi, kí àwọn tó máa dìbò náà gbọ́. Lẹ́yìn náà mo máa jókòó, kí wọ́n máa sun koríko wọn."

"Aimé máa ń jẹ sọ́séèjì."

"Alága kì í jẹ sọ́séèjì ní gbangba."

"O jẹ ẹ́ níbi ìsìnkú ìyá mi," Edmonde sọ ọ́ sínú epo tó ń hó.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, gbogbo ìlú pé sí gbàgede. Wọ́n ti kun ojú Fulcran ní ìyẹ̀fun funfun gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó wọ aṣọ dúdú agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti bọ́ ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta tí àwọn alága ń gbé kọ́ èjìká. Ó dè é lé aṣọ dúdú náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mọ̀. Madamu Vauquelin jókòó níwájú, Aimé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

"Ní Menton," ni obìnrin náà wí, "òroǹbó kíkan ni wọ́n fi ń mọ ilé àti ẹranko. Ní Dunkerque, alága á yọrí jáde lójú fèrèsé òkè, á máa ju ẹja sí àwọn èèyàn nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ń jù?"

"Ẹ̀bi ni, Madamu," Aimé dá a lóhùn. "Ẹ kàn máa wò ó."

Adájọ́ ni Célestin Roumégas, alápatà ìlú. Ó fi aṣọ fèrèsé pupa ṣe ẹ̀wù oyè, ó dé asẹ́ ìdáná sórí, ó sì fi álùbọ́sà eléwé gígùn kan lu tábìlì. Honorine Pradeilles, tó ń ṣe irun fún ará ìlú, dìde láti ka ẹ̀sùn. Àgbàlagbà obìnrin ni. Kò sí orí kan ní Saint-Aubric tí kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó wà nínú orí náà tí kò mọ̀.

"Karamantran! Ìwọ lo rọ òjò sórí àjàrà wa nígbà ìkórè!"

"Ó jẹ̀bi!" ni ìlú pariwo.

"Ìwọ lo jẹ́ kí wáìnì ọkọ mi kan!"

"Ó jẹ̀bi!"

"Ìwọ lo ti ilé ìwé pa, tí àwọn ọmọ wa fi ń sùn nínú bọ́ọ̀sì bí àpò ọ̀dùnkún! Ìwọ lo dí ìsun omi! Ìwọ lo gé igi tí gbogbo wa ti fẹnu ko ara wa lẹ́nu lábẹ́ rẹ̀!"

"Ó jẹ̀bi! Ó jẹ̀bi!"

Inú wọn ń dùn ṣìnkìn bí wọ́n ṣe ń pariwo, kò sì sí ẹyọ ojú kan tó wo alága. Ọgbọ́n ọdún yẹn gan-an nìyẹn. Gbogbo wọn mọ ẹni tó ṣe é. Koríko ló ń bá a gbà á sára. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Aimé ì bá ti bu sọ́séèjì jẹ, ì bá sì ti béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ adájọ́.

Ṣùgbọ́n Fulcran gbọ́ "ó ti ilé ìwé pa," ó gbọ́ "ó jẹ̀bi" tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà sì bá a bí ẹni pé òun ni wọ́n dá lẹ́bi. Ó dìde.

"Olúwa mi adájọ́," ó wí, "ẹ wo ọwọ́ oníbàárà mi. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ki koríko sí ni. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ta ló rí ọwọ́ yìí tó nà sókè?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ Fulcran, ó sì tẹ̀ síwájú.

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ìyàwó mi rán an. Mo wà níbẹ̀, mo rí abẹ́rẹ́. Ìsun omi ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n dí i. Ẹni tí wọn ò tíì rán, báwo ló ṣe máa dí ìsun? Ṣé ó lẹ́nu tó fi máa ní kí wọ́n gé igi? Ṣé ó mú báírò dání? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èyí kò ní ìka!"

Ẹ̀rín ń dín kù. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń mi orí. Fulcran rò pé ohùn òun ló dùn mọ́ wọn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Edmonde dijú.

"Mo ní kí ẹ dá a sílẹ̀," ó parí rẹ̀, òógùn ń ṣàn nínú ìyẹ̀fun ojú rẹ̀. "Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀!"

Célestin kò mọ ohun tó kàn. Bàbá rẹ̀ ti ṣe adájọ́ yìí ṣáájú rẹ̀, irú èyí kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Ó yíjú sí ìlú. "Ẹ̀yin ará Saint-Aubric, ẹ ti gbọ́. Ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?"

Aimé ló kọ́kọ́ fọhùn. "Mi ò fẹ́ wí o. Àmọ́ ká sòótọ́, kò jẹ̀bi."

"Kò jẹ̀bi," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. Ó sì di pé gbogbo gbàgede ń wí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣe àmín.

Fulcran tẹrí ba fún Madamu Vauquelin. Ó ti borí! Ó dúró de àtẹ́wọ́, kò rí àtẹ́wọ́. Ọkùnrin tó mú ògùṣọ̀ dání wo ògùṣọ̀, ó wo Karamantran, ó wo adájọ́. Àwọn àgbẹ̀ wo òkè níbi tí òtútù kò tíì kúrò.

Honorine ká ìwé ẹ̀sùn náà, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ó dáa. Koríko kọ́ ló ṣe é. Ta wá ni?"

"Ta ni kí ni?" ni Fulcran bi í.

"Ta ló ti ilé ìwé pa?"

Gbogbo ojú tí kò wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Fulcran rẹ́rìn-ín. "Honorine, eré la mà ń ṣe."

"Eré kẹ̀? O ní àṣà àtayébáyé ni. O sọ fún Madamu yìí níṣojú mi."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí," ni Madamu Vauquelin gbè é lẹ́yìn.

"Ó dáa, ó dáa! Ó jẹ̀bi! Ẹ sun ún jàre!" ni Fulcran ké.

Célestin fi álùbọ́sà lu tábìlì. "Agbẹjọ́rò, ṣé ìgbà tóo ń rojọ́ lo purọ́ ni, àbí ìsinsìnyí?"

Ta ló máa dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì?

"Bàbá mi àgbà máa ń sọ ọ́," ni Aimé wí látorí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bí ọba koríko bá jàre, aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wọ̀ fún un. Iná gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa jẹ." Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ilẹ̀ Sípéènì ni bàbá àgbà Aimé ti wá, nígbà tó ti dàgbà, pé kò sì bìkítà fún Karamantran títí tó fi kú. Kò sí ẹni tó já a nírọ́.

Fulcran wá ojú tó máa gbà á sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń wo bàtà ara wọn. Ó wo Edmonde. Ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ni Edmonde ń wò. Ìtìjú mú Fulcran, irú èyí tí kò mú un rí, ó sì dùn ún dé egungun.

"Mo rò pé wọ́n á wá ni," ó wí. "Àwọn àlejò. Mo rò pé wọ́n á wá."

"Sọ ọ́ sókè," ni Honorine wí.

"Èmi ni mo ti ilé ìwé pa. Èmi ni mo dí ìsun omi. Igi yẹn, èmi náà ni."

"Àjàrà onírin ńkọ́?" ni ohùn kan ké láti ẹ̀yìn.

"Èmi ni."

"Ó burẹ́wà o!"

"Ó burẹ́wà," ni Fulcran gbà.

Ó bọ́ ọ̀já náà, ó rìn lọ bá Karamantran, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ ọn láyà. Wọ́n ti ògùṣọ̀ bọ̀ ọ́. Koríko gbiná bùlà, ọ̀já jó pẹ̀lú rẹ̀, ìlú sì bú sí àtẹ́wọ́ àti orin. Ọkùnrin kan tí kò kí Fulcran láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé igi wá dì mọ́ ọn. Àwọn obìnrin ń ki àkàrà ìyẹ̀fun sí i lọ́wọ́, Edmonde sì fi orí lé e léjìká, ohun tí kò ṣe ní gbangba rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Ó ga o," ni Madamu Vauquelin sọ fún adájọ́. "Ṣé ọdọọdún ni alága máa ń jẹ́wọ́ báyìí?"

"Láti ayébáyé," ni Célestin dáhùn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Fulcran gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́, orí rẹ̀ sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ìlú á wọ ìwé. Àtẹ́wọ́ yìí pọ̀ ju èyí tí wọ́n pa nígbà tó kọ́kọ́ wọlé lọ. Ó súnmọ́ Honorine.

"Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́? Wọ́n ti dárí jì mí."

"Wọ́n ti dárí jì ọ́ pátápátá." Honorine mú aṣọ ìnura, ó ń bá a nu ìyẹ̀fun kúrò lẹ́yìn etí bó ṣe máa ń ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. "Ọdún ti mọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ẹni tí a bá ti sun, Fulcran, a kì í tún dìbò fún un."