Ẹ̀wù Tí Mo Wọ̀ fún Munehide

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ni Olóyè Munehide kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò tíì níyàwó, kò bímọ. Èmi Iso ni mo fún un lọ́mú, èmi ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ sunkún. Gennai, olórí àwọn ìránṣẹ́ ilé, fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Ìyá Iso, ẹ gbé e mì! Bí ẹkún bá jáde nílé yìí, ilé Kuramitsu tú nìyẹn."

Kò parọ́. Òfin Ṣógun, balógun tó ń jọba lé gbogbo olóyè lórí, ni pé olóyè tí kò lárólé gbọ́dọ̀ gba ọmọ tọ́ kó tó kú, kó tẹ èdìdì rẹ̀ sí ìwé lójú aṣojú ìjọba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ṣógun á gba ilẹ̀, á gba orúkọ. Ìran mẹ́sàn-án tó ti ń fi idà jẹun á pa rẹ́, igba ìdílé tó ń jẹ ìrẹsì wọn á sì bọ́ sígboro, tèmi náà á wà níbẹ̀. A ti ránṣẹ́ pe aṣojú nígbà tí àìsàn le. Ọjọ́ kejì ikú ló tó dé.

A gbé ìbòjú ká ibùsùn náà. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òkú.

"Ṣé ẹ lè húkọ́ bíi tiẹ̀?" Gennai bi mí.

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́n? Ìwọ sáà wá nǹkan fi de orúnkún rẹ, wọ́n ń lu ara wọn."

Ẹnu lásán ni.

Aṣojú náà, àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Obata, jókòó. "Olóyè, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á yá. Ṣé ẹ gbà kí Kikumaru, ọmọ àbúrò bàbá yín, jẹ́ àrólé yín?"

Mo húkọ́. Mo mú ohùn mi ki bíi tiẹ̀, mo ní, "Mo gbà." Mo ti èdìdì bọ àárín àwọn ìka tó ti le, mo fi ọwọ́ tútù náà tẹ ìwé tí Gennai tì bọ abẹ́ ìbòjú. Tàdáwà pupa náà mú.

"Ó dáa," Obata wí. "Ó ku kí n rí ojú rẹ̀." Ó dìde.

Ìgbà yẹn ni mo wo àyà ọmọ mi, ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ o yà. Ẹ̀wù wa máa ń là níwájú: alààyè a máa fi apá òsì rẹ̀ lé apá ọ̀tún. Òkú nìkan là ń fi ọ̀tún lé òsì fún. Lẹ́yìn tí mo wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi tó ti wọṣọ fún ọ̀pọ̀ òkú ti ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀tún ló wà lókè. Mi ò ráyè tún un ṣe mọ́, Obata ti yọ sí wa.

Ó wò ó. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Mo ń gbọ́ èémí Gennai bíi ti ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Obata bẹ̀rẹ̀, ó fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n ọmọ náà.

"Òtútù ń mú Olóyè," ó ní. "Ìyá, ẹ bò ó dáadáa. Kó má sì kú lónìí o. Nínú ìwé tèmi, ó ṣì ń húkọ́."

Ọjọ́ kẹfà la kéde ikú rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ló wà lára òkúta rẹ̀ àti nínú ìwé ìtàn ìdílé. Ọjọ́ kẹfà ni Kikumaru, tó ti di olóyè, ń gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Tó bá di ọjọ́ kẹrin, mi ò lè tan tùràrí òkú kan ṣoṣo fún ọmọ mi, nítorí òórùn rẹ̀ á jáde, wọ́n á sì bi mí ta ló kú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo kàn máa ń ti ilẹ̀kùn, kí n húkọ́ bíi tiẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́ẹ́.