Ajá Funfun Inú Àròkọ

"Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé!" Àǹtí gbé bébà náà sókè sójú fèrèsé. "Ọmọ tí wọ́n ní kò lè kọ nǹkan kan! Gbogbo lẹ́tà ló jókòó dáadáa."

Télọ̀, ìyá ọmọ náà, kò gbójú sókè. Ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àbí? Ọmọ ta ni wọ́n máa yìn tí inú ìyá rẹ̀ ò ní dùn? Ṣùgbọ́n obìnrin yìí mọ ohun tí òun ṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi títí oorun fi máa gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀, kó gbé e lé bébà ni ìjà. Nílé ìwé tó ń lọ tẹ́lẹ̀, tíṣà rẹ̀ fi píìnì kan àròkọ rẹ̀ mọ́ ọn láyà, ó ní kó máa rìn láti kíláàsì kan sí òmíràn kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti mú pẹ́ńsù, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ni ìyá rẹ̀ bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó ń kọ́ ọ nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, gbà fún un ní táàmù kan péré. Àdéhùn wọn ni pé Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, á wá dán ọmọ náà wò. Bí kò bá lè dá àròkọ kan kọ, ó di dandan kó padà sílé ìwé yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ. Àǹtí ló kó èyí tó tóbi wá: àròkọ ló kún inú rẹ̀, kí ọmọ máa há wọn sórí, kó máa kọ wọ́n jáde. Télọ̀ ló ra èyí tó kéré. Ní tìyẹn, ọmọ á sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìyá á kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ á wá wo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ, títí á fi lè dá a ṣe. Èyí tó kéré wu télọ̀, ṣùgbọ́n kò yá. Bí ọjọ́ ìdánwò ṣe ń sún mọ́lé, ẹ̀rù mú un. Ló bá ṣí ìwé ńlá, ó mú àròkọ "Ilé Wa", ó sì mú kí ọmọ kọ ọ́ kọ ọ́ títí ó fi lè dijú kọ ọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Bàbá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó gba bébà náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"'Ilé wa wà láàárín ọgbà òdòdó ńlá kan.'" Ó wo yàrá méjì tí wọ́n ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wo okùn aṣọ tó dí fèrèsé. "'Bàbá mi ń wa ọkọ̀ pupa lọ sí ọ́fíìsì ní àràárọ̀. A ní ajá funfun kan.'" Ó gbójú kúrò lára bébà. "Ajá ta ni?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo ojú ìyá rẹ̀.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ajá yẹn! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò ní ajá yẹn. Inú ìwé mi ló ti jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìwé ńlá la máa lò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ó yá, ọmọ mi, yí bébà padà. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí fún mi."

Ọmọ náà mú pẹ́ńsù. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Mi ò tíì kọ́ ìyẹn sórí," ó fọhùn wẹ́lẹ́.

"Kí lo sọ?" Bàbá rẹ̀ ló béèrè.

"Èmi ni mo gbàgbé, bàbá. Ẹ má bá màmá mi wí." Omi ti lé sójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kó ṣáà ti dákẹ́ ló kù, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ sì ru ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀. Kò lè ṣe é.

"Kò gbàgbé nǹkan kan," ó ní. "Èmi ni mo ní kó há a sórí. Ẹ̀rù ló bà mí."

"O tàn mí jẹ nínú ilé mi?"

"Mo tàn yín, Bàbá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Mo tún kọ́ ọmọ yín ní irọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù."

"Irú kí nìyí, ìyàwó?" Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ṣé èmi ni wọ́n ń sá fún báyìí?"

"Ó tán," ni ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ le. "Mọ́ńdè, ó ń padà sílé ìwé."

Kó tó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti wọ abẹ́ tábìlì lọ.

Télọ̀ ya bébà tó fi ń gé àwòrán aṣọ, ó mú pẹ́ńsù, ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá tábìlì. "Aṣọ tí mo bá rán wọ́, n kì í dá oníbàárà lẹ́bi. Mo máa ń tú u ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú èyí lójú yín." Ó tẹrí ba wo abẹ́ tábìlì. "Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, sọ ilé wa fún mi. Tiwa gan-an."

"Àǹtí ńkọ́?"

"Àǹtí ń gbọ́."

"Ilé wa ò ní ọgbà," ni ohùn kan wí lábẹ́ tábìlì. Ìyá rẹ̀ ń kọ ọ́. "Ẹ̀rọ màmá mi ló ń pariwo jù níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí ẹ̀rù bá ń bà mí. Tí bàbá mi bá ń bọ̀, mo máa ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tí òórùn yẹn bá ti dé, mo mọ̀ pé a ti pé."

Bàbá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ìyẹ̀fun tó há sí èékánná.

Télọ̀ na bébà náà sábẹ́ tábìlì. Ọmọ jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó kọ. Lẹ́tà kan fì sí ọ̀tún, òmíràn fì sí òsì. Àǹtí ti fa bírò pupa yọ.

"Lẹ́tà yẹn ti—"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ fi í sílẹ̀ ná," ni bàbá ọmọ náà wí.

"Ìlà kan péré ló ṣì kọ!"

"Mo rí i. Ibi búrẹ́dì ni mo fẹ́ kó dé." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. "Kò níí lọ ní Mọ́ńdè. Ká lo ìwé kékeré yẹn, ká fún un ní táàmù míì." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àwa méjèèjì ṣì máa sọ̀rọ̀ o."

"Mo gbọ́," ni télọ̀ wí. Ó ń sunkún wàyí, kò fi pamọ́.

Àǹtí dá bírò rẹ̀ padà sápò. "Ìlà rẹ̀ ò ṣáà tọ́," ó ń kùn.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbé pẹ́ńsù sókè. "Bàbá, ajá ńkọ́?"

"Jẹ́ kó máa lọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kò mọ̀ wá rí."