Ẹgbẹ̀rún Ara

Bàdírátù ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, obìnrin ará ìlú Abereke tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó iyọ̀ àti ọṣẹ wá sí Ayétòrò, ìlú àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n fi pákó kọ́ sórí omi, láti fi gba ẹja gbígbẹ. Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ní ohunkóhun ní tirẹ̀ nílùú náà. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Olówòkéré ló ń tọ́jú ilé oògùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun.

Lọ́dún tí ibà òun ikọ́ gbòde, ó to àwọn obìnrin ilé ìhun àwọ̀n sórí ìlà, ó ní kí kálukú gbé hóró oògùn funfun méjì mì. Nígbà tó kan Rèbékà, ìyàwó Jòhánù, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, èmi ò lè lò ó. Èyí tẹ́ ẹ fún mi lọ́dún tó kọjá, ètè mi bó, àpá dúdú kan sì wà nítan mi tí kò tíì lọ."

"Ẹja gbígbóná lo fi jó ètè."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹnu tó ń jẹ ata bíi tìrẹ, ṣé hóró bíńtín ló máa jó o?"

"Ẹ jẹ́ kí n fi àpá náà hàn yín."

Olówòkéré ní, "Kí ni mo fẹ́ wò nítan ìyàwó oníyàwó? Ara kan ni gbogbo wa nínú Olúwa, Rèbékà. Ohun tó wo ọwọ́ sàn kò lè pa ẹsẹ̀. Àbí wọ́n dá ara tìrẹ lọ́tọ̀ ni?"

Nílùú yẹn, kò sí ẹ̀gàn tó ju kí wọ́n ní èèyàn ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ pọ́n, egbò kún ẹnu rẹ̀, omi kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, Jòhánù fẹ́ yí i padà, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúró sára ẹní. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Olówòkéré wá gbàdúrà, hóró méjì mìíràn ló mú dání. Ó ní ibà ló kù lára rẹ̀. Rúùtù, àbúrò Rèbékà, gbá a lọ́wọ́, oògùn bọ́ sómi láàárín pákó.

Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ bá dókítà. Dókítà ní oògùn yẹn ni, bó bá tún kàn án lẹ́nu, kí wọ́n lọ gbẹ́ sàréè.

Oṣù kejì ló padà, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́. Àwọn àgbà pè é. Olówòkéré ti sọ fún wọn pé ìkùnsínú ló fi gbé oògùn náà mì, ìkùnsínú náà ló sọ ọ́ di májèlé.

Kọ́lájọ tó jẹ́ àgbà wọn ní, "Ṣáà gbà pé o kùn, ká dárí jì ọ́, kó tán."

"Mi ò ní gbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí Bàbá Olówòkéré máa bi olúkúlùkù pé, ṣé oògùn yìí ti ṣe ọ́ rí? Kí wọ́n sì gbọ́ ohun tó bá sọ."

Olówòkéré mi orí. "Bí mo bá ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti sọ wá di ẹgbẹ̀rún ara nìyẹn."

"Ẹgbẹ̀rún ara ni wá. Nígbà tí awọ mi bó, ta ni tirẹ̀ bá a bó nínú yín?"

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín ká awọ náà lórí ẹní."

Jòhánù ń wo pákó ilẹ̀. "Gbà fún wọn, Rèbékà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Ó wọlé, ó mú ìró kan ṣoṣo, ó gba etí omi lọ. Ọkọ̀ Bàdírátù wà níbẹ̀, ó fẹ́ ṣí.

"Ọkọ rẹ ń bọ̀ o," ni Bàdírátù wí. "Ó ń sáré."

Rèbékà jókòó síwájú ọkọ̀, ó mú àjẹ̀ kejì. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Jòhánù dúró lórí pákó, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Rèbékà ń wa ọkọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.